Ilé Tí Yóò Gbà Wá Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ilẹ̀kùn Gbọ̀ngàn Àwọn Aláṣọ kọ̀, kò ṣí. Mo tún sún ọrùn mi mọ́ ojú irin tó wà lára rẹ̀ kí ó lè rí ìlẹ̀kẹ̀ mi dáadáa, ohùn inú irin náà sì tún ohun tó ti sọ sọ, láìbínú, láìkáàánú: gbọ̀ngàn ti lo èémí rẹ̀ tán fún òní, kí a padà wá lọ́la.

Mo sọ fún un pé lọ́la kọ́ ni ìgbéyàwó mi. Ó ní kí a padà wá lọ́la.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkọ̀ ojú omi yóò kó Fọlárìn lọ sí Ìdènà Àríwá pẹ̀lú gbogbo àpọ́n tí orúkọ wọn jáde. Inú òkun ni wọ́n ti ń mọ odi níbẹ̀, ọdún méje ni wọ́n sì máa ń sọ pé yóò gbà. Mo mọ àwọn obìnrin tí àfẹ́sọ́nà wọn lọ. N kò mọ ẹni tí tirẹ̀ padà. Ọkùnrin tó bá ti láya ni wọn kì í mú, òfin ní kí ó dúró ti ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Yọ́ọ̀kì, ìlú òyìnbó tí à ń gbé yìí, ìgbéyàwó tí òkúta kò bá gbọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó. Inú ilé àtijọ́ kan láàárín Odi tó yí ìlú po ló gbọdọ̀ ti wáyé kí oòrùn tó wọ̀, kí ògiri ibẹ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín. Èyí tí ẹ bá ṣe ní gbangba, eré ọmọdé ni.

Olùtọ́jú gbọ̀ngàn jáde sí wa, ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí inú ń run. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé láti ìgbà òtútù ni a ti gba ibẹ̀, pé gbogbo ilé tó wà láàárín Odi ni mo fi ẹsẹ̀ rìn wò kí n tó yan tirẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni èémí rẹ̀ tó ìdílé méjì, tí àwọn igi àjà rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò ìyá àgbà. Kò bá mi jiyàn. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ògiri sì dá ohùn tó gbọ́ láàárọ̀ padà fún wa. Ohùn ìyá mi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá àti Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́, àbúrò bàbá mi olóògbé, ti kó àwọn ìyá ìjọ wá wo ilé. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ ibi tí àga yóò wà ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá wo ló wọ ilé tí wọn yóò ti ṣe ohun rere tí kò gbàdúrà sí i? Àwa tí a kì í ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láìní kí ẹnì kan súre sí i. Mo gbọ́ bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ilé náà, tó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó súre fún òkúta, ó súre fún ilẹ̀kùn, ó bá gbogbo ẹ̀mí tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ láyọ̀ wí. Bó bá sọ gbólóhùn kan, àwọn ìyá ìjọ a ṣe àmín bí ìgbà tí igi ńlá wó. Wọ́n kọrin. Wọ́n tún gbàdúrà sí orin náà. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn gbogbo wọn á ti máa tàn pupa láti kìlọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ta ni ń la ojú sílẹ̀ gbàdúrà?

Bí wọ́n ṣe fi àdúrà jẹ ìgbéyàwó mi tán nìyẹn. Ọ̀rinrin tó ń jáde lẹ́nu èèyàn ló ń jẹ òkúta, èémí tí wọ́n wọ̀n fún ilé kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé.

Màmá dúró lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ògiri dákẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ ọ́ láti abẹ́ ọwọ́ náà.

"Tẹniọlá, ẹnu mi ló ba ọjọ́ rẹ jẹ́."

Ó yẹ kí n ní rárá o. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Fọlárìn dé láti ibi ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nílùú, ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù dé orúnkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Dékìtán sì gbé aṣọ ọkọ ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó wo oòrùn kó tó wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá bíi pé nǹkan kan kò bàjẹ́, ó ní kí wọ́n má sunkún, ìlú tó ní ilé àtijọ́ tó báyìí kò lè ṣàìní ọ̀kan tí yóò gbà wá. Àwọn ìyá ìjọ yọ́ padà sílé. Wọn kò lè gbójú sókè wò mí.

Ilé ìjọsìn tó ga jù nílùú la kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe pé a rò pé wọn yóò gbà wá. Àwọn tó ti gba ọjọ́ níbẹ̀ kò tíì bí ọmọ tí yóò ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún. Obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣàánú wa, ó ní kí a gbìyànjú ilé iṣẹ́ ṣokoléètì àtijọ́. A sáré débẹ̀. Ibẹ̀ láyè, èémí pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, ògiri rẹ̀ ṣì ń rùn bíi ṣokoléètì nígbàkígbà tí ọ̀rinrin bá mú un, mo sì ti ń to àga lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dékìtán bi ògiri bóyá yóò gbọ́ ìgbéyàwó, ògiri kò fèsì. Bíríkì ni. Òfin ní bíríkì kò tíì gbó tó láti jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.

Ilé kan tún wà létí odò Úùsì, ilé òkúta tí àwọn olówó ayé àtijọ́ fi ń kó ọtí pamọ́. Láti ojú irin kan ní ìkóríta ni èyí ti gbà wá lójú ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Nígbà tí a dé ojú pópó rẹ̀, a bá omi lórí àtẹ̀gùn tó gòkè jù, ẹja kéékèèké sì ń yọ jáde lójú fèrèsé tí ó ní kí n fi ẹ̀yìn tì ya fọ́tò. Àwọn àgbà wa a máa ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nílùú yìí, kò sẹ́ni tó ń fi òwe yẹn súre fún ọmọ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ni gbogbo wa ń wá.

Ìgbà yẹn ni mo bojú wẹ̀yìn, tí mo rí i pé Màmá ti jókòó sórí òkúta kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti di àwọ̀ ìyeyè. Àyà rẹ̀ kò dára. Ní Ìsàlẹ̀ Omi, lẹ́yìn Odi, níbi tí àwọn tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ ìyọ̀ǹda ń gbé, ó fi ìgbà èwe mi fá ògiri tó ti bu fún àwọn onílé, ohun tó ń fá sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Dókítà ló bá a bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́ kó máa gbé láàárín Odi. Dókítà náà ní bí Màmá bá tún sùn sí Ìsàlẹ̀ Omi ní ìgbà òjò kan péré, kò ní rí òpin òjò náà.

Mo ní kí ó máa lọ sílé lọ sinmi. Ó ní ṣé èmi náà ti fẹ́ lé òun.

Ojú ọ̀run ti ń pọ́n nígbà tí Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ rántí ẹnubodè. Àwọn ẹnubodè òkúta wà lára Odi káàkiri, ọ̀kan nínú wọn sì ní yàrá kan lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyáàfin Hágírífù ló ń ṣọ́ ọ, arúgbó òyìnbó kan tí Àǹtí máa ń bá fọ aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń yan ibẹ̀ fún ìgbéyàwó, nítorí ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń kan orí àwọn ọlọ̀tẹ̀ mọ́ nígbà láéláé. Fọlárìn ní bí orí àwọn ọlọ̀tẹ̀ bá ti gbà kí a wọlé, òun náà ti gbà.

Ìyáàfin Hágírífù wo aṣọ òkè mi tí ẹrẹ̀ ti ta sí, ó wo ọ̀run, ó sì ṣáájú wa gun àtẹ̀gùn tó yí po lọ sórí Odi láìbéèrè nǹkan kan. Yàrá náà kéré. Ihò tóóró kan ló wà lára ògiri rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọfà sí ọ̀tá, ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ìyáàfin náà ní ilé yìí gbó dáadáa, etí rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n èémí tí wọ́n wọ̀n fún un kò ju ti èèyàn márùn-ún tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí wọn kò sì pẹ́. Ọkọ, ìyàwó, ẹlẹ́rìí kan láti ìdílé kọ̀ọ̀kan, àti òun tó ni kọ́kọ́rọ́.

Mo ní, "Ìyá mi ńkọ́?"

Ó ní kí Màmá sún mọ́ ojú irin. Irin náà wọn àyà ìyá mi, ó ní rárá. Mo ní kí Àǹtí jókòó síta kí Màmá wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó tún wọ̀n ọ́n, ó tún ní rárá. Èémí tí àyà tó ti bàjẹ́ ń fà ju ti ẹni méjì tí ara wọn dá lọ.

Mo ní n kò ṣe mọ́. Mo sọ ọ́ fún Fọlárìn lójú gbogbo wọn, pé ọmọ tó bá jáde nílé ìyá rẹ̀ bí olè kì í rójú ìgbéyàwó náà. Kò bá mi jà. Ó kàn wo òkèèrè, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti wà létí èbúté, tí wọ́n ti ń tan iná inú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń fi í pamọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nìkan ti tó láti mú mi sunkún.

Màmá ló dá ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n wọlé, òun yóò dúró lórí Odi níbẹ̀ títí a ó fi jáde. Mo kúnlẹ̀ fún un lójú ọ̀nà kí ó súre fún mi kí n tó wọlé. Ó gbọn orí. Ó ní ẹnu òun ti ṣe tó lónìí, òun kò ní fi í kan ìgbéyàwó mi mọ́, kó má tún ba èyí tó kù jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Àǹtí bẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó ń súre fún ẹni tó bá sín lójú pópó, ó pa ẹnu dé mọ́ ọmọ tó bí. Nígbà tí Ìyáàfin Hágírífù ní oòrùn kò ní dúró dè wá, mo dìde pẹ̀lú eruku lórúnkún, láìsí ìre kankan lórí mi.

Ilẹ̀kùn sé. Iná kékeré kan tàn lára ògiri láti fi iye èémí tó kù hàn wá. Àwọ̀ ewé ni.

Mo gbìyànjú. Mo fi eyín di ètè mi mú. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ń sun ún. Ìyá ìyá mi sun ún, Màmá sun ún ní Ìkìrun lọ́jọ́ tirẹ̀, wọ́n sì ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n sun ún dáadáa. Bí tèmi ṣe ya nìyẹn. Ó ń fà mí láyà sókè, ó ń já mi sílẹ̀, mo ń mí èémí gbogbo ilé náà mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ rì. Iná ara ògiri di àwọ̀ ìyeyè. Fọlárìn di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n rọra mí. Dékìtán ti dá èémí tirẹ̀ dúró kí ó lè kù fún wa. Ìyáàfin Hágírífù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà kíákíá, mo sì mọ̀ pé kí ó tó dé ibi tí èmi yóò ti dáhùn, iná yóò pọ́n, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí láti lé wa jáde.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i pé òjìji kan bo ihò tóóró náà. Ojú Màmá ni. Ó wo iná ara ògiri, ó sì wò mí.

Láti kékeré, bí mo bá sunkún débi tí n kò lè mí mọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń dá mi dúró. Màmá a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín orí mi, a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ihò náà na ọwọ́ wọlé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ilé yóò kà á mọ́ wa, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ló fi ń ka èèyàn, ó parí nìyẹn.

Ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo wá gbọ́ igbe ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tú kúrò lọ́rùn èèyàn. Igbe tínínrín ni, bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tó ṣìnà. Gbogbo ará ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá bá pẹ̀lú ọrùn òfìfo láàárín Odi, Ìsàlẹ̀ Omi ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì ní padà wọlé mọ́. Àánú kan ṣoṣo ló wà nínú òfin yẹn: bó bá dá a padà sọ́rùn kí ìlẹ̀kẹ̀ tó ké lẹ́ẹ̀kẹta, wọn a gbà pé ṣe ló já.

Ọwọ́ ìyá mi gba ojú ihò wọlé, ó ń wá orí mi kiri.

Ìlẹ̀kẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kejì.

Mo lè pariwo. Mo lè sọ pé, Màmá, ẹ dá a padà. Ohùn náà yóò jáde gba ihò, yóò sì gbà á là. Ariwo náà ni yóò sì gba èémí tó kù nínú yàrá, Fọlárìn yóò sì wọkọ̀ lọ́la. Mo wo ọkùnrin náà. Òun náà ti gbọ́ igbe náà, ó sì ti mọ ohun tó jẹ́. Kò sọ fún mi pé kí n pariwo, kò sì sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé orí mi sábẹ́ ọwọ́ náà. Mo dákẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọwọ́ rẹ̀ tutù nítorí afẹ́fẹ́ orí Odi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì le bíi ti ẹni tó ń fá ògiri. Àyà mi rọlẹ̀. Ìyá mi tó fi àdúrà jẹ odidi gbọ̀ngàn tán láàárọ̀ wá fi ẹnu sí ojú ihò, ó sì sọ ọ́ kúkúrú.

"Àjíkẹ́, ilé tí ò ń lọ, gbígbẹ ni wàá bá a. Omi ò ní gbé ọkọ rẹ lọ. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní. Ẹ má ṣe àmín. Ẹ gbé e mì ná."

A gbé e mì. N kò rí irú rẹ̀ rí, kí Yorùbá gbọ́ àdúrà kó má fèsì. Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ìbòrí rẹ̀ di ẹnu. Iná ara ògiri gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró sí àwọ̀ ìyeyè. Ìyáàfin Hágírífù bi Fọlárìn, ó ní òun gbà. Ó bi mí. Mo fi ohùn tí kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ sọ pé mo gbà. Òkúta gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára ìlẹ̀kẹ̀ mi, ó gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́nà ọ̀fun mi, ti Fọlárìn náà sì tàn.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, oòrùn ṣì kù díẹ̀ lókè àwọn òrùlé. Màmá jókòó lórí òkúta Odi, ọrùn rẹ̀ wà lófìfo, ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti wà fún ọdún púpọ̀ mọ́ ju ara rẹ̀ yòókù lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ké mọ́. Nísàlẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ Odi méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn bọ̀. Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, kò sì dìde. Ó ń sọ pé òun ni ó yẹ kí ó lọ, òun ni wọ́n ń wá, kí wọ́n mú òun.

Màmá ní kí ó dìde, kí ó má ba aṣọ jẹ́. Ó wá wò mí. Ó mọ̀ pé mo gbọ́ igbe kejì. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, kò sì ní bi mí léèrè láéláé.

"Ẹ lè ṣe àmín yín báyìí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n níbí."

A ṣe é. Àǹtí ló kọ́kọ́ fọ́n ọn sókè, Dékìtán tẹ̀ lé e, Ìyáàfin Hágírífù tí kò gbọ́ Yorùbá rárá náà ṣe é. Mo fi gbogbo èémí tó wà nínú mi ṣe é lórí Odi yẹn, mo ṣe é títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n sì dúró, tí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo ṣe àmín sí ilé gbígbẹ tó jẹ́ tèmi, ìyá mi sì ń di àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn náà ga fún un, ó ń lọ síbi omi.